Bàbá Ló Kàn

"Tó bá di agogo mẹ́fà, ẹ̀rọ á sọ pé Bàbá ti di ọ̀pẹ," ni Pius wí, kò wo ojú ìyá rẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí pákó iwájú ilé ní Abereke, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń gbà díẹ̀, omi ń lọ lábẹ́ wọn. Iṣẹ́ ìkànnì kíkọ ni Pius ń ṣe ní Àkúrẹ́. Ní ìparí oṣooṣù, a máa kọ ohun tó gbà á lọ́kàn sórí ìkànnì tirẹ̀: eré tó ṣe, ìwé tó kà, ohun tuntun tó kọ́ nídìí iṣẹ́. Ká má purọ́, àwọn tó ń kà á ò pé mẹ́wàá. Àgbà wọn ni bàbá rẹ̀, Olùkọ́ Lawrence. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ò yé bàbá náà rárá, síbẹ̀ a máa ka gbogbo rẹ̀ sókè fún Fẹ̀hìntọlá ìyàwó rẹ̀, tí Pius ń pè ní Iye, tí kò mọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ eré ló fẹ́ràn jù, nítorí ayò tí Pius kọ sórí ìkànnì kí àwọn méjèèjì lè máa ta á láti ọ̀nà jíjìn. Ọdún méjì, Pius ò jẹ Bàbá rí. Bí ó bá ti rí i pé ilé ayò òun fẹ́ tú, ṣe ni yóò dákẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ kún lọ́wọ́. Ìyẹn ni Bàbá fi pàṣẹ pé kó kọ òfin sí i: ẹni tó bá lo ọgbọ̀n ọjọ́ láì ta, ọ̀pẹ ni, wọ́n ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, àyà dun Bàbá. Kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé Ìgbókọ̀dá, ó ti dákẹ́. Òde Mahin ni wọ́n sin ín sí. Òní ló pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí ayò ti dúró dè é.

Pius ti mú fóònù Bàbá láàárọ̀ pé kí òun ta ọwọ́ kan péré dípò rẹ̀. Ó tún gbé e kalẹ̀ láì ta.

"Ta ló kàn?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Bàbá ló kàn, Iye. Àwọn náà ló ní kí n kọ òfin ọ̀hún."

Obìnrin náà nawọ́ sí òkun. "Ìwọ tó ń sá ni wọ́n ṣe é fún. Bàbá rẹ ò sá. Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, òkun gbà á. Itẹ́ òkú tí à bá sin wọ́n sí, òkun gbà á. Ìwọ náà fẹ́ gba ayò lọ́wọ́ wọn?"

Pius sunkún, kò fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá òfin náà kàn, ó pa á rẹ́. Ó wá kọ ti oṣù náà sórí ìkànnì rẹ̀. Ní ti ìwé, kò ka ọ̀kan parí. Ní ti iṣẹ́, ó yọ òfin kan kúrò nínú ayò. Ní ti eré: Bàbá ló kàn.

Kò sí ẹni tí yóò kà á fún Iye mọ́. Pius gbóhùn sókè, ó kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.