Ta Ló Fọwọ́ Kan Sípíríìtì Mi?

Pupa ni. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí, pupa náà ni.

Kòkòrò inú ọ̀yún tí mò ń wò nínú máíkírósíkóòpù yìí kì í pupa. Mo mọ̀ ọ́n. Ó rí roboto, ó ṣù jọ bí ẹyin ẹja. Irú rẹ̀, tó bá ti gba aró àlùkò sára, kì í jẹ́ kó lọ mọ́. Ọdún kọkàndínlógún ni mo ti ń rẹ ẹ́ láró ní láàbù Ìkòsì yìí, n kò rí i kó pupa rí. Àfi látìgbà tí Stephanie dé.

Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Látìgbà tí Stephanie dé.

Ọmọ tó jáde yunifásítì lánàá… Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, "Mummy Testimony, ẹ má bínú o, a kì í mu omi nínú láàbù." Omi inú ike mi. Ọ̀sẹ̀ kejì, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ de bọ́tìnnì kóòtù yín." Mo de é. Ó tún wá ń lẹ bébà mọ́ ìgò, ìgò tí mo lè dijú mú. Ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ló ń dúró ti ọ̀yún rẹ́rìn-ín?

Ẹni tó lè lẹ bébà mọ́ ìgò, ṣé kò lè ṣí i? Kó da nǹkan sí i? Sípíríìtì ni, kò sí òmíràn. Òun nìkan ló ń ṣí aró àlùkò kúrò lára kòkòrò, tí aró pupa tí à ń fi kẹ́yìn á fi ráàyè wọlé…

"Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, Mummy." Ọ̀gá Adétúnjí, tó ni láàbù, ló wí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí. "Tó bá tún pupa, Stephanie á gba ibẹ̀, kí ẹ̀yin padà sídìí ìgò fífọ̀."

Ìgò fífọ̀. Òun ni mo bá wọlé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ̀yìn Uncle George, tó ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ni mo dúró sí, mò ń wò wọ́n, títí ojú mi fi gbà á. Kí ọmọ kan wá…

Ó dáa. Ọ̀yún ẹsẹ̀ Muideen nìyí, tí irin gún l'Ówódé Onírin. Mo ti fà á sórí gíláàsì, mo ti gbé e kọjá lórí iná. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ìgò sípíríìtì tuntun, èmi fúnra mi ni mo já ìdérí rẹ̀. Stephanie wà ní Ogudu, ó lọ gbé èsì fún wọn. Èèyàn kì í ti Ogudu da nǹkan sí ìgò.

Aró àlùkò, ìṣẹ́jú kan. Omi. Áyódììnì, ìṣẹ́jú kan, aago ara ògiri ń wò mí. Omi.

Sípíríìtì… díẹ̀díẹ̀. Èyí kò ní aago. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Àdúrà ẹnu mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mo máa ń dijú.

Olúwa, fi ohun tó fara sin hàn mí. Tú àṣírí ẹni tó fẹ́ gba àga nídìí mi. Ọwọ́ tó bá kan ìgò mi, Olúwa, kí ọwọ́ náà—

Dúró.

Kí ni mò ń sọ? Àmín dà?

"Olúwa, fi ohun tó fara sin hàn mí. Àmín." Bó ṣe gùn mọ nìyẹn. Ọdún kọkàndínlógún. Àmín, omi, ó parí. Ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í…

Mo lajú. Sípíríìtì ṣì ń kán. Ohun tó ń bọ́ sínú síńkì ti mọ́ gaara, kò sí àlùkò kankan nínú rẹ̀ mọ́. Gíláàsì náà funfun báláú.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orí Stephanie ni mò ń gbé àdúrà lé. Aró ni àdúrà ń ṣí.

Mo gbé ìgò sípíríìtì kalẹ̀. Ọ̀yún ṣì kù, ó tó gíláàsì kan sí i. Yóò jáde ní àlùkò, mo mọ̀. Ọ̀gá á sì bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ látọjọ́ yìí. Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn — pé àdúrà mi ló gùn jù?