Ìyá Ilé Kẹtàdínlógún

Ọdún méjì gbáko ni ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan ti ń ṣe iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlera àdúgbò, tó ń ti ojúlé dé ojúlé wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn àgbà. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n "Nọ́ọ̀sì" ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun náà kò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Bí ìwé rẹ̀ bá pé lóṣù yìí, ogójì ilé láìku ọ̀kan, wọn yóò fún un ní lẹ́tà òṣìṣẹ́ gidi.

Ilé kẹtàdínlógún ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ó kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Kò séèyàn, eruku sì ti bo àgádágodo. Ló bá padà sí ọ́fíìsì, ó jókòó sídìí tábìlì, ó fi bírò ṣẹ̀dá aláìsàn: "Ìyá àgbà, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó ń dá gbé. Ara le." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra wọn ló kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wò ó níwòkuwò o, òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é ní ọ́fíìsì yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá rẹ̀ lọ yẹ àwọn ilé náà wò. Jìnnìjìnnì bo Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ọ̀gá bá dé.

"Ìwọ ọmọ yìí, o káre! Ìyá ilé kẹtàdínlógún ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní ìwọ nìkan lo máa ń wá wo àwọn."

"Ìyá wo, Mà?"

"Èwo tún ni ìyá wo? Ìyá tó ń dá gbé! Wọ́n ní kó o tètè wá. Tó o bá ti tibẹ̀ dé, wá gba lẹ́tà ẹ."

Ó yẹ kó dunnú, àmọ́ ẹ̀rù ló bà á. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe bí irọ́ bá jókòó sílé tó ní kí wọ́n bá òun kí i.

Ọ̀sán gangan ló débẹ̀. Kò sí àgádágodo mọ́. Nínú yàrá, káàdì tí wọ́n ń kọ ìbẹ̀wò sí wà lára ògiri, déètì ìbẹ̀wò mẹ́ta lórí rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ kò wọ ibẹ̀ rí.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. O pẹ́ díẹ̀ lónìí." Ìyá náà ti ká apá aṣọ sókè.

Ó we ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá. Apá náà tutù. Ẹ̀rọ wú, ó rọ̀, ó gbé òdo jáde. Ó tún un ṣe, òdo náà ni. Ó di ọrùn ọwọ́ ìyá mú, kò sí ohun tó ń lù níbẹ̀.

"Mà, mi ò rí..."

"Mo mọ̀." Ìyá náà rọra fi bírò sí i lọ́wọ́. "Láti ìgbà tó o ti ń kọ ọ́ pé ara mi le ni mo ti ń jí láràárọ̀. Kó o tó kọ ọ́, mi ò jí rárá. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má kọ òótọ́."

Lẹ́tà ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ojú sì tì í. Àánú ìyá náà ṣe é dé egungun. Ó kọ ọ́: ara le.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Màá wá, Mà."

Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń lọ kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi ipò ọ̀gá lọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kọ̀ ọ́. Ọ̀gá kì í ti ojúlé dé ojúlé, ẹlòmíì tí wọ́n bá sì rán lọ sọ́dọ̀ ìyá náà lè jẹ́ olóòótọ́.