Ihò Kékeré Tó Wà Lórí Méjì

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán àná, olùkọ́ ìṣirò kan ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì olórí àwọn olùmáàkì láti inú, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí àpò, ó ní bàbá náà kò ní jáde láìfọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo.

"O ti èmi mọ́lé? Èmi tí mo kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

"Ẹ kọ́ mi, sà. Ẹ̀yin lẹ ní a kì í fi òdo pín nǹkan. Ìgbà wo lòfin yẹn yí padà?"

Ìdá kan ló fa ìjà náà. Nínú ìdánwò, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ya gíráàfù rẹ̀: (x − 2)(x + 1) lókè, (x − 2)(x + 2) nísàlẹ̀. Oníwàǹwára yóò pa (x − 2) rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, yóò sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò pa á rẹ́, ṣùgbọ́n yóò rántí pé níbi tí x ti jẹ́ méjì, òdo ló wà nísàlẹ̀, kò sì sí ìdáhùn níbẹ̀. Ìlà náà ní ihò. Àmì róbótó kékeré tí inú rẹ̀ ṣófo la fi ń fi í hàn.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì olùkọ́ náà ya gbogbo rẹ̀ pé. Ó fa ìlà tó ń já wẹ́wẹ́ sórí òdì méjì (−2), níbi tí gíráàfù ti ń sá lọ sókè àti sísàlẹ̀ láìfara kàn án. Ó fa òmíràn sí gíga ọ̀kan. Ó sì fi róbótó sórí méjì. Olùmáàkì kan yọ máàkì mẹ́rin nítorí róbótó yẹn, ó fi báírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Má fi ìwé dọ̀tí."

Méjìdínlọ́gọ́ta ló gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ kì í gba ẹni tí kò bá ní ọgọ́ta, kì í sì í gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ogún ọdún. Oṣù tó ń bọ̀ lọmọ náà yóò pé ogún. Aago mẹ́rin àná ni wọn yóò sì pa ìwé orúkọ dé.

"Ìwé ìdáhùn tí a tẹ̀ kò ní róbótó kankan," ni ọ̀gá àwọn olùmáàkì wí. "Ohun tó wà níbẹ̀ la fi ń máàkì."

"Ta ló ya ìwé ìdáhùn náà?"

"Èmi ni."

"Ẹ sì gbàgbé ihò?"

"N kò gbàgbé! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yà á."

Olùkọ́ pe atẹ̀wé tó tẹ ìwé ìdáhùn náà lórí fóònù, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, ọ̀gá sì bi í léèrè róbótó náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ìdọ̀tí kan wà lórí ìlà yẹn," ni atẹ̀wé fi ìdùnnú sọ. "Mo bá yín nu ún. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tèmi kì í ní àbàwọ́n."

Olùkọ́ pa fóònù. Ó yíjú sí ọ̀gá.

"Ẹni tó jìn sí kòtò ló yẹ kó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tiyín, ẹ dí kòtò, ẹ wá ń na ẹni tó rí i! Ẹ sì fọwọ́ sí i kó tó di títẹ̀, sà. Ẹ ò kà á!"

"Bí mo bá tún un ṣe, gbogbo ìwé la máa tún máàkì. Ẹgbẹ̀rún méjì! Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn ènìyàn?"

"Ojú tí ẹ fi wo ọmọ ọlọ́mọ."

Ó fa ìwé àtúnṣe síwájú rẹ̀, ó lu tábìlì, báírò sì yí bọ́ sílẹ̀. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó kọ ọ́: méjìlélọ́gọ́ta, ó sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ ní ìwé kan wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n títí di àárọ̀ yìí, kò tíì lè sọ bóyá ó wọlé ṣáájú aago mẹ́rin tàbí lẹ́yìn rẹ̀.