Ẹni Tí Mo Pè Ní A-rí-jẹ

Gbólóhùn kan péré ni mo sọ lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwẹ̀ ti lé ní ogún ọjọ́. Ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi, Alfa Oyèbánjí, ni mọ́sáláṣí àdúgbò wa máa ń kó ètò jáká jọ sí. Jáká ni oúnjẹ tí à ń yọ kí a tó kírun ọdún ìtúnu àwẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ilé, kí ebi má baà pa tálákà lọ́jọ́ ọdún. Ìwé méjì la ní: ìwé àwọn tí yóò yọ ọ́, àti ìwé àwọn tí a ó gbé e fún. Èmi ni mò ń kọ ọ́. N kò pẹ́ nílé ìwé. Bàbá ló fúnra rẹ̀ kọ́ mi nílé, lórí ẹní. Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá jókòó sọ̀rọ̀, mo máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú bírò mi, mò ń gbọ́.

A dé orí orúkọ Ìyá Àtàndá. Láti ọdún mẹ́rin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìwé kejì ló ń wà. Ìyá Àdínnì, olórí àwọn obìnrin mọ́sáláṣí, na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná, Alfa. Ìyá Àtàndá wo? Èyí tó ní ilé yàrá mẹ́wàá ní àdúgbò Mayfair?"

"Òun náà ni."

"Ilé tí wọ́n kan òrùlé rẹ̀ lọ́dún yìí, tí wọ́n kùn ún, tí àwọn ọmọ Yunifásítì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́? Háà! Odidi Ìyá Láńlọ́ọ̀dù! Bí ìyẹn bá jẹ́ tálákà, ẹ yáa kọ orúkọ tèmi náà síbẹ̀, kí n máa bọ̀ wá gba ìrẹsì."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ilé nìkan kì í sọ èèyàn di olówó," ó ní. "Olówó ni ẹni tí owó rẹ̀ sùn fún odidi ọdún kan tí bùkátà kò jí i. A-rí-jẹ ló tẹ̀ lé e: ẹni tó jẹun tán lónìí, tí àyà rẹ̀ kò já nítorí ọ̀la. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan tálákà. Jáká kò sì dúró de olówó o, a-rí-jẹ náà gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Èwo wá ni Ìyá Àtàndá nínú gbogbo wọn?"

Bàbá yíjú sí mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọkọ Ìyá Àtàndá nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí orúnkún ti ń dun Bàbá, èmi ló ń rán lọ kí opó náà ní gbogbo Jímọ́ọ̀.

"Hàlímàt, ìwọ lò ń débẹ̀. Kí lo rí?"

Gbogbo ojú bá yí sí mi, èmi tí n kì í lè ra ata láì wo ilẹ̀. Mo rántí ọ̀dà tuntun ara ilé náà. Mo rántí jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, àti fìríìsà ńlá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rántí pé kí àwẹ̀ tó dé, kò sí ọjọ́ kan tí mo lọ tí màmá náà kò fún mi ní minírà tútù mu. Bí mo bá ní rárá, yóò ní ṣé mo fẹ́ kí ọwọ́ tí òun nà padà lófo ni.

"Ọmọ yìí," Ìyá Àdínnì ní, "ṣé àdúrà la ó fi ṣí ọ lẹ́nu ni?"

"Wọ́n rí jẹ," mo ní.

Bàbá ní kí n fa igi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kejì, kí n kọ ọ́ sínú ti àkọ́kọ́. Mo fà á. Ìlà náà gún régé.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, Bàbá rán mi lọ gba jáká lọ́wọ́ àwọn tó wà lọ́nà Mayfair. Ìyá Àtàndá ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ó jókòó síwájú ilé, bí ẹni tó ń retí àlejò.

"Hàlímàt ọmọ mi, o kú òǹgbẹ o! Ìwọ nìkan ni wọ́n rán? Ẹrù náà kò wúwo jù fún ọ?" Ó ń wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọlọ́kadà tó gbé mi wá ló gbé àpò dání.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú òǹgbẹ, mà. Bàbá ní kí n wá gba jáká yín ni."

"Kí o wá gbé e fún mi, àbí?"

"Kí n gbà á lọ́wọ́ yín, mà. Ẹ ti wà lára àwọn tó ń yọ ọ́ lọ́dún yìí."

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín. "Alihamudulilahi. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Máa bọ̀."

Mo rò pé yàrá iwájú la ó wọ̀. Ó kọjá gbogbo ilẹ̀kùn tuntun wọ̀nyẹn, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó ṣí yàrá kan tí wọ́n fi páànù kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ẹní kan ló wà níbẹ̀, àpótí kan, àti ike gàrí kan. Ó tẹrí bọ inú ike náà. Mo gbọ́ bí èékánná rẹ̀ ṣe ń ha ìdí rẹ̀, ràá, ràá. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó bu èkejì, ó bu ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin kò kún. Ó dojú ike náà dé inú ọ̀rá, ó fi ọwọ́ gbá ìdí rẹ̀ títí ó fi pé.

"Àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ láti Ìpetumodù," ó ní. "Gàrí gidi ni. Kò ní yanrìn."

Ọmọbìnrin kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé náà. "Màmá, ṣé wọ́n ti gbé ìrẹsì ọdún yẹn dé? Mo ti bá yín ra ata."

"Tinúadé, padà sí yàrá rẹ."

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé títì ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ Tinúadé lẹ́yìn mi.

"Ìwọ yìí, dúró! Ṣé gàrí yẹn lo gbà lọ́wọ́ wọn?"

Mo ní jáká ni. Mo ní àwọn èèyàn sọ pé ìyá onílé ni.

"Ìyá onílé! Ṣé ọwọ́ wọn la ń san owó ilé sí ni? Bámidélé tó fi owó ara rẹ̀ bá wọn parí ilé ló ń gbà á. Òun ló kan òrùlé, òun ló kùn ún, òun ni yóò sì máa gba owó wa fún ọdún mẹ́jọ kí ilé tó bọ́ sọ́wọ́ Màmá. Ó ti gba ti ọdún kan, ó ku méje. Àtàndá ọmọ wọn kò sì pè wọ́n láti Iléyá."

"Fìríìsà ńkọ́?"

"Tèmi ni, mo fi ń ta omi tútù àti minírà. Minírà tí ìwọ ń wá mu ní gbogbo Jímọ́ọ̀, ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń gbà á. N kò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àmọ́ àwọn náà kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í jẹ ọ̀fẹ́. Aṣọ mi ni wọ́n máa ń bá mi fọ̀ dípò owó rẹ̀."

Mo rìn láti ibẹ̀ délé, n kò yà ní ilé ẹlòmíràn mọ́.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Bàbá. Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ nìkan kọ́," ó ní. "Èmi ni mo bi ẹni tí kì í gbójú sókè pé kí ló rí." Ó ní kí ìyá mi bu ìrẹsì àti òróró sínú àpò. "Gbé e fún un kí oòrùn tó wọ̀, kí o sì dá gàrí rẹ̀ padà."

Ìyá Àtàndá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, kò sì yà fún mi láti wọlé. Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo sọ pé ẹ rí jẹ, mà. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí lo rí." Ó wo àpò náà, ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Gbé e padà. Mo ti yọ jáká lọ́dún yìí, Hàlímàt. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń na ọwọ́ gbà á. Ṣé o fẹ́ kí n lọ sí Yídì lọ́la gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yọ ọ́, tí wọ́n dá a padà fún?"

"Kí lẹ ó wá jẹ, mà?"

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé kò yẹ kí n bèèrè rẹ̀.

"Máa lọ," ó ní, "kí wọ́n tó pe ìrun."

Ní Yídì lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí. Aṣọ funfun tó fọ̀ tónítóní ló wọ̀. Mo bi í pé ṣé ó jẹun kó tó jáde. Ó ní òun jẹun. Nígbà tí a forí balẹ̀, tí gbogbo pápá pa lọ́lọ́, mo gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń kùn.

A kírun tán, àwọn obìnrin ń kí ara wọn kú ọdún. Ni Ìyá Àdínnì bá pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìyá Láńlọ́ọ̀dù ti bá wa yọ jáká lọ́dún yìí o! Ilé tuntun la ó ti jẹun ọdún! Ṣé ẹ fẹ́ fi dù wá ni, Ìyá Àtàndá? Ẹ jẹ́ ká máa lọ Mayfair!"

"A ti dé!" ni àwọn tó kù ń wí. Wọ́n tó mọ́kànlá.

Ìyá Àtàndá rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ la ẹnu pé kí wọ́n máa bọ̀. Mo rí i bó ṣe ń di etí ìborùn rẹ̀ mú.

"Ilé wa ni!" mo ké.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní, "Bàbá ní ọ̀dọ̀ wa ni kí gbogbo yín yà sí. Wọ́n ní Ìyá Àtàndá ni kó bá wa bu oúnjẹ fún àwọn èèyàn, torí pé aya ọ̀rẹ́ àwọn ni."

"Yéè!" Ìyá Àdínnì ní. "Odi fọhùn! A kúkú gbọ́dọ̀ lọ."

Bàbá kò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó rí wa tí a ń wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó wò mí, ó wo Ìyá Àtàndá. "Ẹ kú ọdún," ó ní, "mo ti ń retí yín." Ìyá mi yọ lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó wò mí bí ẹni tí yóò fi ọmọ odó sọ mí.

Ìyá Àtàndá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bu oúnjẹ fún gbogbo wọn. Ó bu fún mi. Tirẹ̀ ló bù kẹ́yìn, kò sì kún ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń dá Ìyá Àdínnì lóhùn yẹ̀yẹ́, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ó bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọ àwo.

"Bàbá rẹ kò pe ẹnì kankan," ó ní.

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀." Ó fọ àwo tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. "O ṣeun. Àmọ́ bí o bá tún fẹ́ mọ ohun tí mo ní àti èyí tí n kò ní, èmi ni kí o bi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. N kò lè gbé ojú sókè wò ó. Àwo tó wà lọ́wọ́ mi ni mo ń nù lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti gbẹ tipẹ́.