Ilẹ̀kùn Tí Màmá Dí

Èmi ni mo ń dáná ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó yìí, n kò sì ní ṣojúsàájú: Màmá Kọ́kọ́rọ́ mọ iṣẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti jẹ́ alábòójútó wa, tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ń dún ní ìbàdí rẹ̀ bó ti ń rìn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Òfin sì ni pé ilé tí alábòójútó rẹ̀ kò bá ní láísẹ́ǹsì, títì ni wọ́n ń tì í. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ gbapò. Ó ti yege ìdánwò, ó sì ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ku kí olùyẹ̀wò ìjọba wá wò ó lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gba láísẹ́ǹsì. Bó bá kùnà, a ó tú àwọn arúgbó wa ká.

Olùyẹ̀wò dé láàárọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó bi ìyàwó ní ìbéèrè, Màmá dáhùn. Ó tún bi í, Màmá tún gbà á sọ.

"Màmá, ìyàwó yín ni mò ń bi o."

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ọmọ tuntun wo? Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta! Inú bí mi débi pé mo fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, mo tẹ̀ lé wọn tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Ìyàwó kàn ń wolẹ̀ ni. Ta ló máa ní kí ìyá ọkọ òun dákẹ́?

Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀dì Bàbá Tíṣà, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó wa, ló dábùú ilẹ̀kùn tí a ó gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Bàbá ń sùn fọnfọn nínú oòrùn. Olùyẹ̀wò dúró.

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀," ni Màmá wí. "Oòrùn àárọ̀ dáa fún eegun. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ìyàwó kúnlẹ̀. Mo ní ó ti parí, ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ "kẹ́" lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: bíréèkì tó di táyà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú ló ń tú. Ó dìde, ó rọra tì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, Màmá. A kì í dí ibí yìí. Màá wá ojú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé fún Bàbá."

Màmá wo ìyàwó, ó wo ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ le koko. Olùyẹ̀wò tún bèèrè pé bí iná bá ṣẹ́ yọ, àwọn wo la ó kọ́kọ́ gbé jáde. Gbogbo wa yíjú sí Màmá, bí a ti máa ń ṣe.

"Kí lẹ ń wò mí fún?" ló ní. "Ẹ bi ọ̀gá."