Ogójì Ìṣẹ́jú

Ọkọ dáadáa ni Alága. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé tó dá sílẹ̀, ohun tí wọ́n máa sọ fún yín nìyẹn. Kì í pariwo, kì í mutí, kò sì gbọ́wọ́ lé ìyàwó rẹ̀ rí. Aago ara ògiri nìkan ló máa ń wò. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń jáde, á wò ó. Bí ìyẹn bá dé tó kan ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ wò ó ná kó tó ṣí i, torí ọwọ́ Alága ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo ibi lójú Alága: ọjà o, ilé ìwòsàn o, ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó o. Bí obìnrin náà bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, Alága ò ní bínú. Á kàn fohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ṣé kò sí nǹkan?" Ìbéèrè yẹn á wá jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ títí dìrọ̀lẹ́.

Èèyàn méje ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé ńláńlá ti dá ìwé wọn padà títí ó fi sú wọn, ni Alága bá ní kí wọ́n máa tẹ tiwọn fúnra wọn. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Òun ló kọ òfin wọn, òfin náà sì mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó bá ní ìwé á jù ú sínú àpótí tó wà ní pálọ̀ Alága, kò ní kọ orúkọ sí i. Wọ́n á ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tó máa kà á sókè, ẹni náà ò sì gbọdọ̀ dúró títí á fi kà á tán. Tí gbogbo wọn bá nawọ́ sí i, títẹ̀ ló kàn. Tí ẹnì kan péré bá kọ̀, ó padà sínú àpótí nìyẹn, ẹni tó ni ín á wá yọ́ mú un, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìwé tí wọ́n bá sì gbà, òǹkọ̀wé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé láti yẹ gbogbo ojú ìwé wò. Kò sí pé mo rán ẹnì kan.

Ìyàwó Alága ni gbogbo wọn ń pe obìnrin náà. Òun ló ń to àga, òun ló ń gbé omi kiri. Òfin ò sọ pé ẹni tó ń gbé omi ò lè jùwé sí àpótí. Bóyá kò wá sọ́kàn ẹni tó kọ òfin ni. Ọdún méjì ló fi kọ tiẹ̀ lórí tábìlì ìdáná. Á ká a mọ́ aṣọ tó fẹ́ tún rán, á gbé e lọ fún Télọ̀, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ẹgbẹ́, ìyẹn á bá a tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kí Alága má baà dá ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀. Ó sọ ọkọ inú ìwé di awakọ̀. Ó fún un ní irùngbọ̀n, ó fún un lọ́mọ mẹ́ta. Aago yẹn nìkan ni kò rí nǹkan fi rọ́pò.

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n mú ìwé náà jáde, gègé mú Alága.

 Ìyàwó Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná pẹ̀lú tíréè omi lọ́wọ́. Alága fi ohùn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì.

"'Mo kan ilẹ̀kùn,'" ló kà, "'mo sì mọ̀ pé aago ni ọkọ mi ń wò.'"

 Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Ó wo aago ara ògiri, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun wò ó, ó sì ń bá a lọ, torí òfin ní kò gbọdọ̀ dúró. Ìyàwó rẹ̀ ò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó ti jẹ́wọ́. Tó bá dúró, Alága á rí ojú rẹ̀.

"'Ibi yòówù kí n wà, mò ń ka ìṣẹ́jú. Mo jókòó ti ìyá mi lórí ibùsùn, mò ń ka ìṣẹ́jú. Ìyá mi ń bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn.'"

Nígbà tó kà á tán, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì, ń nu ojú. Bàbá Onífọ́tò mi orí, ó ní, "Tí mo bá mọ awakọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ni màá máa fi rìn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mẹ́fà lọ sókè. Ti Alága ṣì wà lórí ìwé.

"Alága, ẹ̀yin là ń retí," Télọ̀ sọ.

"Ọkùnrin yẹn ò sọ tẹnu ẹ̀ rárá," Alága dáhùn. "Bóyá àyà ẹ̀ ló ń já nítorí ìyàwó ẹ̀. Ní tèmi, kó padà sínú àpótí."

Obìnrin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn á lọ, òun á ṣí àpótí, òun á mú un, kò sì sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ nínú ilé yẹn títí ayé. Ó gbé tíréè sílẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ló wí.

Onífọ́tò tẹjú mọ́ ife ọwọ́ rẹ̀ bíi pé ìwé wà nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo Alága, ìyẹn gan-an ló sì burú jù. Tó bá kọ̀ báyìí, òun ti sọ ara ẹ̀ di awakọ̀.  Ó wá na ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà ò ju èjìká rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án, Alága yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn. Ó wo ògiri.

"Iṣẹ́ yẹn ju ogójì ìṣẹ́jú lọ," ló sọ. "Mo fún ẹ ní wákàtí méjì."

"Ẹ ṣé," obìnrin náà dáhùn. Ó ti rìn dé orígun àdúgbò kí inú tó bí i sí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń sáré kó tó mọ̀.

Télọ̀ ń dúró dè é lọ́dọ̀ onítẹ̀wé. Wọ́n jókòó ti ìwé náà, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, yíǹkì ṣì ń rùn. Wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò dé òpin. Onítẹ̀wé ní orúkọ wo ni kí òun fi sí iwájú ẹ̀. Obìnrin náà dárúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó tún un pè kó yé wọn. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Kò sí aago lára ògiri.

"Aago mélòó ló lù?"

"Méjì ti kọjá," onítẹ̀wé sọ.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó rí Alága lọ́kàn ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tó ń wo ògiri. Télọ̀ ti ń mú báàgì rẹ̀ bọ̀ wá fún un. Obìnrin náà ní kí ìyẹn gbé e sílẹ̀ ná. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó wá ojú ewé tí ìyá rẹ̀ wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè, jẹ́jẹ́.