Orin Tí Fàsásì Fi Bẹ Òyìnbó Awọnlẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n bí Fàsásì aṣegàárì, ó ní òun kò ké bí ọmọ tuntun. Ó ní èdè Gàmbàrí ni òun fi kí agbẹ̀bí, èdè Tápà ni òun fi bèèrè omi gbígbóná, Lárúbáwá ni òun sì fi ránṣẹ́ sí bàbá òun pé kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí orúkọ, òun ti mú ọ̀kan bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn, kí ó lọ bi agbẹ̀bí náà, bí ó bá lè jí i nínú sàréè tó ti ń sùn sí láti ọdún tí eṣú jẹ oko.

Ó ti ń pa irọ́ yìí ní àdúgbò Bẹyẹrunká, nílùú Ìbàdàn, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Irọ́ tí kò ní iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́, bí ajá arúgbó ló rí: a máa gbó, kì í géni jẹ. Àfi ìgbà tí òyìnbó awọnlẹ̀ dé.

Ífánìsì ni wọ́n ń pe òyìnbó yìí. Ìjọba ló rán an wá, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ fi èéfín dúdú kí Ìbàdàn, pé kí ó la títì láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba. Ó pàgọ́ sórí òkè Màpó, ó ń na ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ káàkiri, ibi tí ẹ̀wọ̀n bá sì gbà ni àwọn lébìrà rẹ̀ ń kan èèkàn funfun mọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀wọ̀n gba iwájú agbo ilé Fàsásì. Èèkàn kan wọlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú gan-an, yàrá tí arúgbó ilé, ìyá Àtọ́kẹ́, ń sùn, tí wọ́n sì sin bàbá rẹ̀ sí. Bàbá náà ló tẹ ilé yìí dó. Nínú gbogbo ọmọ tó bí, Àtọ́kẹ́ nìkan ló kù láyé. Àbúrò ló jẹ́ fún bàbá Fàsásì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan èèkàn yẹn, ó ti kọ oúnjẹ. Ó ní bí títì yóò bá gba orí bàbá òun kọjá, kí ó gba orí tòun náà kọjá pọ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ òyìnbó. Akọ̀wé kan láti ọ̀dọ̀ Ajẹ́lẹ̀ ló bá wọn túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà. Òyìnbó ní ọ̀nà kì í mọ ojú ẹnìkan, ó sì padà sídìí ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

Ibi tí ilé jókòó sí, tí gbogbo wọn káwọ́ lérí, ni Louisa ti gbé ọ̀rọ̀ kan wá. Tíṣà ni Louisa nílé ìwé àwọn onígbàgbọ́, ẹ̀yìn ilé wọn náà ló sì ń gbé. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a máa gun òkè Màpó lọ bá òyìnbó kọrin. Ó ní Ífánìsì kì í ṣe ara àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe rò. Ìlú olókè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Wélíìsì ni wọ́n bí i sí, èdè Wẹ́lìṣì tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bí iṣu ṣe yàtọ̀ sí òkúta. Ní kékeré rẹ̀, bó bá sọ ọ́ nílé ìwé, pátákó ni wọ́n ń fi kọ́ ọ lọ́rùn. Àárò èdè yẹn ló mú un gbé dùùrù kékeré kan kọjá òkun, tó ń kọ́ ẹni tó bá yọjú ní orin ilé rẹ̀, torí pé orin wọn kò ṣeé dá kọ. Ohùn mẹ́rin ló ń gbé e.

“Bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀,” ni Louisa wí, “ìjọba lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi Wẹ́lìṣì bá a sọ ọ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí ni yóò dá yín lóhùn.”

Yésúfù, baálé ilé, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bèèrè ta ni yóò lè kọ́ ọ. Kí ó tó pa ẹnu dé, Fàsásì ti dìde. Wẹ́lìṣì kẹ̀? Ó ní kí wọ́n fún òun títí oṣù mìíràn yóò fi lé, òun yóò sọ ọ́ débi pé àwọn ará Wélíìsì fúnra wọn yóò máa wọkọ̀ ojú omi wá kọ́ ọ ní Bẹyẹrunká. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìyá Àtọ́kẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Fàsásì títí, ó sì ní kí wọ́n po ẹ̀kọ fún òun mu.

Fàsásì rí i tó ń mu ẹ̀kọ, àyà rẹ̀ já. Èyí kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ẹnìkan ti gbà á gbọ́.

Ni ìyà bá bẹ̀rẹ̀. Ohùn orin wọ Fàsásì lára ní kíá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dà bí ẹja àrọ̀: bó bá dì í lórí mú, á gba ìdí yọ̀ lọ. Ohùn kan wà nínú èdè náà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ahọ́n dí ẹnu, kí ó wá jẹ́ kí èémí gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sá jáde, bí ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ ń bínú. Louisa rí i pè. Fàsásì gbìyànjú rẹ̀ títí itọ́ fi rin dàńṣíkí rẹ̀ gbindin, títí àwọn adìẹ Bẹyẹrunká fi di ẹrù wọn, tí wọ́n ṣí lọ sí Yemetu, tí òbúkọ kan sì wá bẹ̀ ẹ́ pé nítorí Ọlọ́run, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ilé kò jẹ́ kí ó dá a ṣe. Àwọn àbúrò rẹ̀ gba gàárì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń bá a rán an. Àwọn obìnrin ilé ń fi oyin sí i lẹ́nu láàárọ̀ kí ahọ́n lè rọ̀. Bó bá ti kọ́ orin kan bọ̀ láti òkè Màpó, gbogbo wọn á jókòó yí i ká, wọ́n á gbè é títí yóò fi délẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi Wẹ́lìṣì gúnyán, tí wọ́n ń fi í gbálẹ̀, tí wọ́n ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìyá Àtọ́kẹ́, tí eyín rẹ̀ kò pé mẹ́ta, ń pe ohùn pẹ́pẹ́yẹ yẹn bí ẹni tí wọ́n bí sí Wélíìsì. Fàsásì nìkan, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lo oyin tán nílé, ni kò rí i pè. Ọjọ́ kan ó jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n yé kọ orin òun ní àkọdùn. Ìyá Àtọ́kẹ́ ní, “Má bínú, ọmọ mi. A rò pé bí àwa bá rù ú díẹ̀, yóò fúyẹ́ lórí rẹ ni.” Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Bí wọ́n bá bú u, ì bá rí èsì fọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ ya á ní wèrè ni ti ìkíni. Sátidé kan, ó ní kí Louisa bá òun bi òyìnbó bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ífánìsì ní wọ́n á ní, ọjọ́ dáadáa. Ẹni tó ń dirí ńkọ́? Ọjọ́ dáadáa. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹṣin? Ọjọ́ dáadáa náà ni. Ẹni tí òjò pa? Òyìnbó ronú títí, ó ní wọ́n á sọ fún un pé òjò ń rọ̀.

“Tíṣà, ẹ bá mi bi í dáadáa,” ni Fàsásì wí. “Òjò ń pa èèyàn, wọ́n wá ń ròyìn òjò fún un? Ṣé ibòmíràn ló wà nígbà tó ń tutù ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́ èyí tó wà.”

Ọ̀rọ̀ náà pa Ífánìsì lẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Louisa, ó ń bi í léèrè ìkíni ti Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é tẹ̀ lé e. Fàsásì kò dúró gbọ́. Ó fi ìbínú sọ̀kalẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ jà lọ́nà. Odidi ìlú kan, ìkíni kan, bí agbo ilé tí gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ń pín ṣòkòtò kan wọ̀! Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn kì í gbé láìkí ara wọn. Kí ó tó dé Ọjà'ba, ọgbọ́n ti sọ sí i nínú: wọ́n ti kó ìkíni wọn pamọ́ sínú orin ni. Orin kọ̀ọ̀kan, ìkíni kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Ífánìsì ń kọ bó bá ń bọ́jú láàárọ̀, ẹ káàárọ̀ ni. Èyí tó ń kọ bó bá ń jẹun, ẹ kú ìjókòó. Èyí tó falẹ̀, tó dùn dé egungun, tó ń kọ ní ìrọ̀lẹ́ bí àwọn lébìrà bá ń ká ẹ̀wọ̀n nílẹ̀, kí ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe ẹ kú iṣẹ́? Louisa fẹ́ sọ ìtumọ̀ orin yẹn fún un ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Fàsásì ní kí ó má ṣe wàhálà, òun ti mọ̀ ọ́n láti inú oyún.

Oṣù lé. Louisa wá bá a, ó ní òun ti ní ọ̀rọ̀ Wẹ́lìṣì díẹ̀ tó lè fẹsẹ̀ dúró, bóyá kí òun bá ilé bẹ òyìnbó. Fàsásì ní ẹnu kan tó ilé kan. Louisa lọ dúró sẹ́yìn.

Gbogbo ilé ti tò síwájú yàrá nígbà tí Ífánìsì àti àwọn lébìrà rẹ̀ gbé ẹ̀wọ̀n dé. Yésúfù rọra sọ ọ́ sí Fàsásì létí pé kí ó kọ́kọ́ kí i fún iṣẹ́ kí ó tó gbé ẹ̀bẹ̀ kalẹ̀, ọmọlúàbí kì í já lu àlejò. Fàsásì bọ́ síwájú, ó wú àyà, ó sì gbé orin tó falẹ̀ yẹn. Àwọn obìnrin gbà á, ìyá Àtọ́kẹ́ gbé ohùn ìsàlẹ̀, orin náà kún títí dé orí páànù mọ́ṣáláṣí.

Ífánìsì ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀pà tuntun, omi sì yọ níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́.

Yésúfù bèèrè ohun tó wí. Fàsásì ní ó ní ẹ ṣeun, iṣẹ́ ń lọ.

Òyìnbó tún bèèrè nǹkan kan, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fàsásì tẹ́tí, kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣà. Gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀. Ó bá nawọ́ sí yàrá iwájú, ó nawọ́ sí ìyá Àtọ́kẹ́. Òyìnbó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ó rìn lọ bá ìyá, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí i ní ohùn ìsàlẹ̀.

“Fàsásì, kí ló ń wí?” Ìyá Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ ló bèèrè.

Fàsásì wo ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ibí yìí ni èèyàn ti ń dá irọ́ dúró. Ojú yẹn ni kò jẹ́ kó lè ṣe é.

“Ó ní títì yóò yà ní Bẹẹrẹ, Ìyá mi. Ó ní kí ẹ máa sùn lọ nínú yàrá yín, ẹ̀yin àti bàbá yín, títí ayé.”

Ilé bú sí ijó. Láwàní Yésúfù já bọ́, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìyá Àtọ́kẹ́ ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń sunkún. Ífánìsì ń wò wọ́n tìyanu-tìyanu, ṣùgbọ́n ó ṣì di ọwọ́ arúgbó náà mú. Ó wúkọ́, ó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gba orí òkúta rékọjá odò.

“Ẹ kú… ará fẹ́ra kù, Ìyá. Ọlọ́run á… dẹlẹ̀ fún òkú.”

Ijó dúró lójijì.

Ìyá Àtọ́kẹ́ rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. “Òkú wo?”

Louisa ló jáde láti ẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ fún baálé, ó ṣàlàyé pé orin tí wọ́n kọ, orin tí àwọn ará Wélíìsì ń kọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin ìyá ẹni ni. Orí omi ni Ífánìsì wà nígbà tí tirẹ̀ kú, kò bá wọn sin ín, ìdí tó fi ń kọ ọ́ nìyẹn bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ó ti ń bèèrè láti ẹ̀ẹ̀kan ẹni tó kú nílé yìí. Kò tíì mẹ́nu ba títì.

“Fàsásì,” ni Yésúfù wí.

Fàsásì ní ó lè jẹ́ pé atẹ́gùn ló yí ọ̀rọ̀ náà po kó tó dé etí òun.

Louisa kò dúró de ìjà. Ó yíjú sí òyìnbó. Kò kọrin, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ní ló tò, ó wọ́, ó ṣì í pè, ó tún padà sẹ́yìn pè é. Obìnrin yìí. Bàbá rẹ̀. Níbí, lábẹ́ ilẹ̀. Kò lè fi í sílẹ̀. Ìyá Àtọ́kẹ́ kò gbọ́ èyí tó ń wí, ṣùgbọ́n ó rí ibi tí ọwọ́ Louisa nà sí, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà náà.

Ífánìsì wo ọwọ́ náà. Ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó gbé èkejì tẹ̀ lé e, ó kúrò lórí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà náà. Ó pe àwọn lébìrà. Wọ́n fa èèkàn ẹnu ọ̀nà tu, wọ́n wọ́ ẹ̀wọ̀n lọ sí òdìkejì. Louisa ní ó ní títì kò lè padà sínú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fa ikùn mọ́ra níhìn-ín, kí ó yọ ọ́ lọ́hùn-ún, níbi tó jẹ́ pé àtíbàbà kan ṣoṣo ló wà.

Àtíbàbà tí Fàsásì ń kó awọ àti gàárì sí ni. Èèkàn àkọ́kọ́ wọlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gbà-ọ̀n.

Ẹnu Fàsásì là sílẹ̀. Yésúfù yíjú sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún.

“Ó yá, ògbufọ̀. Túmọ̀ ìyẹn fún wa.”

“Ó ní…” Fàsásì bẹ̀rẹ̀. Ó rí ìyá Àtọ́kẹ́ tó ń na ọwọ́ sí ọmọ odó lára ògiri.

Kò parí rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó gba àárín àwọn lébìrà, ó fo ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀, bàtà Yésúfù sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó fi eré la Ọjà'ba kọjá débi pé àwọn tó ń nájà rò pé ọyẹ́ ló dé, wọ́n wá aṣọ bora. Òjìji rẹ̀ sá tẹ̀ lé e títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sétí odò Ògùnpa ń mí hẹlẹ. Fàsásì kò bojú wẹ̀yìn wò ó.